Ọmọ Kejìlá Nínú Aṣọ Funfun

Èmi ò mọ nǹkan kan. Irun ni mo fi ogójì ọdún ṣe ní ìlú Pell Creek, iṣẹ́ irun kò sì kọ́ mi ní ìjìnlẹ̀ kankan ju pé bó pẹ́ bó yá, orí gbogbo wa ni yóò pá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ikú, kó lọ bá pásítọ̀ wa, ẹni tó mọ ọ̀nà ọ̀run já pátápátá, tí kì í sì í rántí ibi tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Ohun tí ojú mi rí ni tèmi, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó já mi láyà ni pé àwọn ọmọ dákẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ méjìlá, elégédé méjìlá, ọ̀dà oríṣi mẹ́jọ àti abọ́ dónọ́ọ̀tì onísúgà, kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó bá ṣáájú Halowíìnì, àjọ̀dún tí àwọn ọmọdé máa ń múra bojú bí òkú, àjẹ́ tàbí ẹranko, èmi àti Marlys la máa ń kó àwọn ọmọ ìjọ wa jọ sí gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ ilé ìjọsìn gan-an, láti ṣe elégédé lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn tó bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè mú ọ̀bẹ kékeré, kí wọ́n gbẹ́ ojú àti eyín sára tiwọn. Àwọn kéékèèké á fi ọ̀dà kun tiwọn, wọ́n á sì kun ara wọn mọ́ ọn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn ìjọ, kí wọ́n kọjú sí títì, a ó sì fún ẹni tí tirẹ̀ bá burẹ́wà jù ní ẹ̀bùn. Ariwo ọjọ́ náà máa ń tó kí àwọn òkú tó wà lẹ́yìn ìjọ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sùn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo gbọ́ ìró síbí tó ń ha inú elégédé. Mo gbọ́ ìró omi tó ń kán nínú kíṣìn. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń kùn lẹ́yìn ògiri bí arúgbó tó ń sun oorun ọ̀sán. Ọmọ nìkan ni mi ò gbọ́.

Inú Marlys dùn. Ó wọ fìlà àjẹ́ ṣóńṣó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Verna, wo bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ yìí ti ń dàgbà."

"Wọn ò dàgbà rárá. Dónọ́ọ̀tì ẹ ló dì wọ́n lẹ́nu. Ìyẹ̀fun lo fi ṣe é ni àbí sìmẹ́ńtì?"

"Ẹnu yìí á kó bá ẹ lọ́jọ́ kan."

"Ó ti ń kó bá mi látọjọ́ tí mo ti ń fi jẹ oúnjẹ ẹ."

Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti Marlys ti ń bá ara wa jà báyìí, a ò sì tíì rí ẹni tó máa làjà. Obìnrin tó fẹ́ràn òfin ni. Lọ́dún yẹn, wọ́n ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ààbò ìjọ, ó sì ti fòfin de àbẹ́là, pé iná lè ràn mọ́ ilé lórí àwọn ọmọ. Dípò àbẹ́là, ó ra àwọn iná kéékèèké oníbátìrì tí a ó máa gbé sínú elégédé. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó ku bátìrì méjì kí wọ́n tó pé. Ó wò yíká. Nǹkan funfun róbótó kan wà lára àjà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìn, tí a kò mọ iṣẹ́ kankan mọ́ ọn ju kó máa ké ṣíọ̀ ṣíọ̀ nígbà tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà. Marlys gun àga, ó ṣí i, ó yọ bátìrì inú rẹ̀. Èmi ni mo bá a di àga mú. Mo ní láti sọ ìyẹn, nítorí òun nìkan ni gbogbo ìlú dá lẹ́bi.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Odell tan ẹ̀rọ amúlégbóná fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí òtútù ti lọ ní oṣù kẹrin. Odell ló ń tọ́jú ilé ìjọ, òun náà ló sì ń gbin elégédé tí a ń lò. Ó já wọn sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní àgbàdo òun ṣì wà lóko, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ń rìn yí tábìlì ká, mò ń bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ràn mi fún nìyẹn. Mo dé ọ̀dọ̀ Boone, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó múra bí ìkookò, tó ti gba ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ti gbẹ́ eyín mẹ́rìnlélógún sẹ́nu elégédé rẹ̀.

"Boone, eyín yìí jọ ti bàbá ẹ àgbà, àfi pé tìẹ dúró sójú kan."

Lọ́jọ́ mìíràn, á ti fi ọ̀rọ̀ gbá mi lẹ́nu padà. Ó kàn yán ni.

"Orí ń fọ́ mi, Mìsís Verna."

"Ọpọlọ ló ń wá ibi tó máa gbà wọlé. Fara dà á."

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbé orí lé apá, lórí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sórí tábìlì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ápù. Mo rò pé òtútù ìta ló pọ́n ọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ mìíràn mú síbí dání, ó ń wo inú elégédé rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga, kò sì ha nǹkan kan. Òórùn elégédé tútù gba gbogbo yàrá, òórùn tó jọ ti ewéko àti ilẹ̀. Kò sí òórùn mìíràn. Ẹ bá mi rántí ìyẹn.

Corrie jókòó sí ìparí tábìlì. Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀, Joelle ọmọ mi, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ Nebraska, nítorí náà láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ mi ni Corrie ń gbé. Ó múra bí oyin lọ́jọ́ náà, ìlà dúdú, ìlà yẹ́lò, ìyẹ́ méjì lẹ́yìn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ta ló fẹ́ ráàyè sọ̀rọ̀ nínú ilé tí mo bá wà?

Ó ti fi ọ̀dà funfun kun elégédé rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wá fi dúdú ṣe ojú méjì róbótó sí i. Kò sí imú. Kò sí ẹnu.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá wo elégédé tí ibà ń ṣe," ni mo wí. "Corrie, báwo leléyìí ṣe máa jẹun?"

"Kì í jẹun, Màmá àgbà."

"Báwo ló ṣe máa wá dẹ́rù bani láìní ẹnu?"

"Kì í dẹ́rù bani. Ó kàn máa ń wò wá ni."

"Háà, alàgbà ìjọ nìyẹn."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà rọ̀, bí ẹ̀rín àwọn tó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Corrie kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra fi búrọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ikùn oyin rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ. Mi ò pè é padà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kò dúró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọmọ ọmọ mi ló lọ bá.

Yàrá kékeré tí àwọn akọrin ń kó aṣọ wọn sí ni Corrie lọ. Ògiri pákó lásán ló pààlà láàárín ibẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlégbóná.

Mi ò lè sọ ìgbà tí ọmọ aláṣọ funfun wọlé. Mo kàn gbójú sókè, mo rí i tó dúró nídìí àga Corrie. Aṣọ ibùsùn funfun ló dà bo ara rẹ̀ láti orí títí dé ilẹ̀, pẹ̀lú ihò méjì fún ojú. Ìmúra òkú, ìmúra ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ráàyè dé ọjà. Ọdọọdún la máa ń rí ọ̀kan. Nílùú wa, lọ́jọ́ Halowíìnì, ẹni tó bá bi ọmọ tó bojú pé "ìwọ ta ni?" ti ba eré jẹ́. Ọmọ náà ló máa ṣí ojú rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà mo ṣe bí ọmọlúàbí, mi ò béèrè.

"O pẹ́ dé, ìwọ iwin," ni mo wí. "Dónọ́ọ̀tì ṣì kù. Òun gan-an ni kó o bẹ̀rù."

Ó yí ihò méjèèjì sí mi. Mi ò rí ojú nínú wọn. Mo sọ fún ara mi pé iná gbọ̀ngàn náà kò mọ́lẹ̀ tó.

Ó wá ń rìn yí tábìlì ká. Ìfun elégédé àti kóró rẹ̀ ti kún ilẹ̀, débi pé ẹsẹ̀ gbogbo wa ń dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ lórí ìwé ìròyìn. Tirẹ̀ kò dún. Bó bá ti dé ẹ̀yìn ọmọ tó gbórí lé tábìlì, á na ọwọ́ láti abẹ́ aṣọ, á fi kan ọmọ náà lọ́rùn, ọmọ náà á sì ta gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi dídì sí lẹ́yìn. Mo fẹ́ bá a wí. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù fún mi láti gbé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí ọ̀rọ̀ máa wúwo lẹ́nu mi, kò sì yà mí lẹ́nu. Mo kàn ka orí wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Méjìlá. Ó pé.

Ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Boone. Ó gbé elégédé eléyín mẹ́rìnlélógún yẹn mọ́ àyà, ó sì kọrí sí àtẹ̀gùn.

"Tèmi nìyẹn," ni Boone wí. "Gbé e sílẹ̀."

Ẹni náà ń gòkè lọ.

"Mo ní gbé e sílẹ̀, olè."

Boone dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fọwọ́ ti tábìlì, ó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde. Gbogbo wọn dìde, nítorí kò sí ọmọ tó máa jẹ́ kí ìjà kọjá òun lọ, bó ti wù kí oorun ń kùn ún tó. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkookò, ọmọ ọba, panápaná, àwọn tó gbé elégédé lọ́wọ́ àti àwọn tí kò gbé.

"Marlys, dìde, wọ́n fẹ́ lọ jà lójú títì."

"Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

"Ọjọ́ orí ẹ ló ń pè ẹ́. Dìde, ó jàre."

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni. Mo dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé òkè tí mo ti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ oko àgbàdo wọ àyà mi bí omi tútù ṣe ń wọ ọ̀fun ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ọwọ́ di ògiri mú. Àwọn ọmọ wà lórí koríko. Boone ti tẹ̀ba, ó ń bì. Àwọn méjì mìíràn náà ń bì. Marlys jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú fìlà àjẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Lábẹ́ igi tó wà ní ìta ìjọ, tí ewé rẹ̀ ti pọ́n, tó ń já, ọmọ aláṣọ funfun dúró pẹ̀lú elégédé láyà, kò mira.

Mo kà wọ́n. Méjìlá.

"Wọ́n pé," ni mo sọ fún Marlys. "Gbogbo wọn ló wà níbí."

Mo jókòó tì í. Mo sọ òtítọ́ fún yín, bí nǹkan bá parí síbẹ̀, ǹ bá jókòó síbẹ̀ títí, ǹ bá máa dúpẹ́ pé wọ́n pé. Oorun ń pè mí. Mi ò mọ ohun tó ṣe wá, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣe wá, mo sì ti kà á pé a bọ́.

Boone nu ẹnu. Ó rìn lọ bá olè elégédé rẹ̀, ó gbá aṣọ funfun náà mú ní orí, ó fà á.

Aṣọ náà tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ láìjà, bí aṣọ tí wọ́n ká lórí okùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Elégédé náà dúró lófuurufú níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ló wá bọ́, ó sì là sí méjì.

Kò sí ọmọ tó kígbe. Ọmọ tó múra bí ọmọ ọba nìkan ló béèrè, ní ohùn jẹ́jẹ́, "Níbo ló lọ?"

Mo tún kà. Mọ́kànlá.

Mi ò kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ń wá ìlà yẹ́lò, mi ò rí ìlà yẹ́lò.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí, orúnkún mi kan jẹ́ irin, mo sì fo àtẹ̀gùn náà bí ewúrẹ́. Mo di èémí mi mú, kì í ṣe pé mo gbọ́n, ẹ̀rù ló dì í. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá àwọn akọrin. Corrie sùn sórí aṣọ wọn, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, ó kó ẹsẹ̀ jọ, ìyẹ́ kan ti tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n dáadáa. Mi ò rí ọmọ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kórìíra ẹwà náà láti ọjọ́ náà. Mo pè é. Orí rẹ̀ yí sẹ́yìn lórí apá mi bí orí ọmọláńgidi.

Mo wọ́ ọ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Níbẹ̀ ni agbára mi ti tán. Mo gbọ́ bàtà oko tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ méjì gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Odell ni. Ó gbé e kọ́ èjìká kan, ó fi ọwọ́ kejì mú ọrùn aṣọ mi, ó wọ́ àwa méjèèjì jáde bí àpò ọkà.

"Mo wà lórí ẹ̀rọ ìkórè," ló wí fún mi lẹ́yìn náà. "Mo rí ọmọ kan tó wọ aṣọ funfun, tó dúró níwájú mi láàárín àgbàdo. Mo pa iná ẹ̀rọ kí n má baà tẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí i. Mo rántí pé àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, mo ní ọ̀kan lára wọn ló ti sá wá sóko. Mo ń bọ̀ wá bú ẹ ni, Verna."

"O ò bá bú mi."

"Mo ṣì máa bú ẹ."

Àwọn panápaná dé, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sínú páìpù èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èéfín kò rí ọ̀nà jáde, ó ń padà sínú ilé. Èéfín náà kì í rùn, ojú kì í rí i, oorun ló fi ń pani. Nǹkan róbótó tó wà lára àjà ni ì bá ké láti kìlọ̀ fún wa. Ọ̀gá wọn ṣí i, ó wo ibi tí bátìrì yẹ kó wà, ó sì wo wá. Marlys ṣí fìlà àjẹ́ rẹ̀ kúrò lórí. Mo ní, "Èmi ni mo di àga mú."

Ilé ìwòsàn fún àwọn mọ́kànlá náà àti àwa àgbà ní atẹ́gùn fà símú, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wa máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Corrie kò jí. Dókítà, ọmọdé kan tí irun rẹ̀ nílò àbójútó mi gidigidi, sọ fún mi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù fún un nígbà tí mo gbé e. Kò mọ̀ bóyá yóò jí, kò sì mọ irú ẹni tí yóò jẹ́ bó bá jí. Joelle wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Nebraska láìdúró. Nígbà tó dé, mo gbá a mọ́ra. Ó gbé orí lé èjìká mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fi lé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì ṣì wà lẹ́nu mi, ó korò bí egbòogi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Odell wá pẹ̀lú aṣọ funfun náà nínú àpò ọ̀rá. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Aṣọ tó máa ń wà lórí dùùrù àtijọ́ nínú yàrá àwọn akọrin ni, òun sì gbọn eruku rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Mo wo ihò ojú méjèèjì. Kì í ṣe pé wọ́n gé wọn lásán. Ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣẹ́tí wọn yípo, finífiní, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó dáyé. Òwú náà ti gbó, ó ti pọ́n bí eyín àgbàlagbà.

"Ta ló ráàyè rán eléyìí?" ni Odell wí.

"Kì í ṣe Marlys. Marlys kò lè rán bọ́tìnì."

A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín yẹn ni Corrie la ojú.

Ó mọ̀ mí. Ó mọ ìyá rẹ̀. Ó béèrè omi, ó béèrè ìyẹ́ oyin rẹ̀. Joelle sọkún débi tí nọ́ọ̀sì fi gbé àga fún un. Èmi kò sọkún, nítorí mi ò fẹ́ kí Odell rí nǹkan sọ nípa mi, ṣùgbọ́n mo yí ojú sí fèrèsé, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, Joelle lọ wá oúnjẹ jẹ. Ó ku èmi àti Corrie. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Corrie, má bínú sí mi. Elégédé ẹ dára. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sọ."

"Mi ò bínú mọ́. Màmá náà ní kí n má bínú, pé bí ẹnu yín ṣe rí nìyẹn."

"Màmá wo?"

"Èyí tó jókòó sídìí dùùrù, tó ń ránṣọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó jẹ láàárọ̀. "Ooru ń mú mi, lẹ́yìn náà ooru ò mú mi mọ́, mo bá dìde. Mo rí ara mi nílẹ̀, mò ń sùn. Màmá náà ní kí n fi í sílẹ̀ kó sùn, pé iṣẹ́ wà. Ó da aṣọ bò mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ jí àwọn tó ń sùn, kí n wá gbé elégédé Boone, nítorí Boone fẹ́ràn nǹkan ẹ̀, ó máa tẹ̀ lé mi, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé Boone. Òun ló di ọwọ́ mi mú lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ ẹ̀ tutù bí inú elégédé."

"Ṣé o ti rí i rí?"

"Rárá. Òun ló ti rí wa rí. Nígbà tí Boone fa aṣọ, ó ní ó tó, kí n padà lọ dùbúlẹ̀, pé ẹ ti ń bọ̀. Ẹ sì wá."

"Mo wá," ni mo wí.

Ó fa omi rẹ̀ mu.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹlẹ́ẹ̀kejì tí òun máa gbà yín lọ́wọ́ ewu nìyí. Ó ní òun ò bínú pé ẹ ò dúpẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ ò mọ̀ ni."

Nígbà tí Joelle dé, ọmọ náà ti sùn, oorun gidi, èyí tí èèyàn ń hanrun nínú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ ọ, mi ò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Corrie ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Ó ti ń fún mi lésì ọ̀rọ̀, ara ń ta mí, inú mi sì ń dùn. Àwọn ọmọ méjìlá ọjọ́ yẹn ṣì pé méjìlá. Marlys ra nǹkan róbótó márùn-ún sára àjà, wọ́n ń ké bí adìyẹ láàárín ìwàásù, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn. A ṣì ń ṣe elégédé. Ọmọ tó bá bojú wọlé, mi ò tíì béèrè orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti yẹ ayé mi wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú rọ́ọ̀gì. Mo rò ó pé bóyá ọjọ́ tí mọ́tò mi yọ̀ lórí yìnyín ni, nígbà tí oyún Joelle wà nínú mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wa ọkọ̀ yẹn bọ́ sípò, mo rántí. Bóyá ìgbà tí ọ̀fìnkìn wọ mí lẹ́dọ̀fóró ni. Dókítà ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún fún un ní kéèkì. Gbogbo ewu tí mo mọ̀ ni mo mọ bí mo ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ èyí tí mi ò mọ̀, ọ̀sán kan lásán, tí mo jókòó jẹ́jẹ́, tí mò ń ṣe irun oníbàárà, tí mò ń fi ẹnìkan ṣẹ̀sín, tí nǹkan kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìn mi kí wọ́n tó dá a padà. Nítorí náà, bí mo bá ń fọ abọ́, tàbí tí mo bá ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣé, mà." Marlys ti bi mí léèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó dá mi lóhùn ìgbà tó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe dónọ́ọ̀tì.

Ti Sátidé yẹn, mo ti dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, ìgbà wo ni?